Ẹgbẹ́ 27: Ṣé Ọjọ́ Orí Lè Pa Olórin Rọ́ọ̀kì?

Bí o bá wá àkójọ orin rọ́ọ̀kì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní pẹ́ tí wàá fi rí ọ̀kan tí àkọlé rẹ̀ kò ju nọ́ńbà kan lọ: 27. Jimi Hendrix ló sábà máa ń ṣíwájú. Janis Joplin á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Jim Morrison àti Kurt Cobain. Amy Winehouse ni wọ́n sì máa ń fi parí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin tirẹ̀ kì í ṣe rọ́ọ̀kì. Gbogbo wọn kú lọ́mọ ọdún 27, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Ẹgbẹ́ 27. Ẹni tó bá gbọ́ orin wọn ní ìtẹ̀léra, tó sì mọ ọjọ́ orí tí wọ́n kú, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ náà ti ń wọlé: pé ọdún 27 ni ewu olórin rọ́ọ̀kì tó bá lókìkí, àti pé ẹni tó bá ré e kọjá ti bọ́.

Mo gba èyí gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe pé mo jókòó rò ó o. Orin náà dùn, ìtàn rẹ̀ ba ni nínú jẹ́, ó parí síbẹ̀. Ohun tó là mí lójú ni pé lọ́jọ́ kan, mo ní kí n ṣe irú àkójọ kan náà fún nọ́ńbà mìíràn. Mo mú 32, mo kàn mú un bẹ́ẹ̀ ni. Màá padà sórí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún ìgbàgbọ́ yìí, torí kì í ṣe irọ́ tí ẹnì kan jókòó pa. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1969, Brian Jones, ọ̀kan lára àwọn tó dá Rolling Stones sílẹ̀, kú sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970, Hendrix kú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ 16 péré lẹ́yìn rẹ̀, Joplin kú ní Los Angeles. Morrison kú ní Paris ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1971. Wo ọjọ́ yẹn dáadáa: ọdún méjì géérégé sí ọjọ́ tí Jones kú, kò fi ọjọ́ kan yẹ̀. Mẹ́rin nínú àwọn tí òkìkí wọn kàn jù lọ, ọmọ ọdún 27 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí ẹ̀rù kò bà nígbà yẹn, àyà rẹ̀ le.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ẹgbẹ́ nígbà yẹn. Àwọn kan ṣàkíyèsí rẹ̀, ó sì rọlẹ̀. Ó tó ọdún 23 kí ó tó gbiná, ìyẹn nígbà tí Cobain, akọrin Nirvana, kú ní 1994. Àtìgbà náà làwọn èèyàn ti ń padà sẹ́yìn lọ kó òkú jọ. Wọ́n rí Alan Wilson ti Canned Heat, tó kú ní ọjọ́ 15 ṣáájú Hendrix, ṣùgbọ́n tí wọn kì í sábà dárúkọ nítorí òkìkí tirẹ̀ kò tó. Wọ́n rí Ron McKernan ti Grateful Dead ní 1973, wọ́n rí Pete Ham ti Badfinger ní 1975. Wọ́n rìn títí dé 1938 lọ gbé Robert Johnson, olórin blues, tó ti kú kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń jẹ́ rọ́ọ̀kì. Ti Jean-Michel Basquiat ló wá sú mi. Iṣẹ́ àwòrán ló sọ ọ́ di olókìkí! Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin bá ti ń gba ayàwòrán wọlé nítorí pé ọjọ́ orí rẹ̀ bá a mu, nọ́ńbà là ń wá kiri, a ò wá olórin mọ́.

Ti láítà funfun tí wọ́n ní ó wà lápò Hendrix, Joplin, Morrison àti Cobain nígbà tí wọ́n kú, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láítà Bic tí ìtàn náà ń sọ, ọdún 1973 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin náà ti kú kí wọ́n tó ṣe é.

Ó yá, 32. Mo rò pé màá wá orin tì ni. Mo kọ́kọ́ rí Keith Moon, onílù The Who, tó kú ní 1978 lọ́mọ ọdún 32. Mo rí John Bonham, onílù Led Zeppelin, ní 1980: 32. Mo rí Karen Carpenter ní 1983: 32. Orin tirẹ̀ tutù ju rọ́ọ̀kì lọ, mo gbà, ṣùgbọ́n bí Winehouse bá lè wọ ẹgbẹ́ 27, kí ló dé tí Carpenter kò ní wọ tèmi? Onílù lòun náà, kó tó di pé wọ́n ní kó wá síwájú wá kọrin. Mo tún rí Cass Elliot ti The Mamas and the Papas, tó kú ní 1974: 32. Ẹni mẹ́rin, onílù mẹ́ta nínú wọn. Kò tíì tán o. Inú ilé kan náà ni Elliot àti Moon kú sí ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún mẹ́rin síra wọn. Ilé Harry Nilsson ni, olórin bíi tiwọn, tó máa ń yá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò. Oògùn tí wọ́n sì rí nínú Moon lẹ́yìn ikú rẹ̀, hóró 32 ni.

Kò sí ohun tó jọ èyí nínú ìtàn 27. Ká ní 32 ló kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu ayé, ẹnu ọ̀nà ilé yẹn làwọn èèyàn ì bá máa tò sí lónìí láti ya fọ́tò, onílù tó bá sì ti pé 31 kò ní lè sùn. Kí ni mo wá ṣe tí mo fi rí i? Mo mú nọ́ńbà kan, mo wá orúkọ sí i, mo sì ju gbogbo orúkọ tí kò bá a mu nù. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rí 27 náà nìyẹn.

Ohun tó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rí i. Ní 1971, orin rọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ kò tíì pé ogún ọdún dáadáa. Kò tíì ní arúgbó. Chuck Berry, tó wà lára àwọn baba orin náà, ẹni ọdún 44 ni lọ́jọ́ tí Morrison kú. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ariwo wọn ń ta kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tàbí kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ré e kọjá. Nínú ilé tó jẹ́ pé ọ̀dọ́ nìkan ló ń gbébẹ̀, ọ̀dọ́ nìkan ni ikú máa rí mú. Ẹni 70 kò lè kú níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni 70 níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ wa nípa olórin rọ́ọ̀kì dì ní ọdún méjì yẹn, 1969 sí 1971, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ilé náà ti hu ewú.

Nítorí lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dàgbà. Berry kú ní 2017, ẹni 90 ọdún ni. Àwo orin tó ń ṣe lọ́wọ́ jáde ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn tó lọ. Fats Domino lọ lọ́dún kan náà, ẹni 89. Little Richard, 87. Jerry Lee Lewis, 87. Tina Turner, 83. Charlie Watts, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù fún Rolling Stones ní 1963, ẹni 80 ni nígbà tó kú ní 2021, àwọn tó ṣẹ́ kù nínú ẹgbẹ́ náà sì tún gbé àwo tuntun jáde ní 2023. Àkójọ orin tí wọ́n pè ní 87 ńkọ́? N kò tíì rí i. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, ojú wa kò kúrò lára àwọn mẹ́rin yẹn láti ìgbà náà wá.

Àṣìṣe yìí kan náà tún gbé aṣọ mìíràn wọ̀ ní 2016. David Bowie kú ní oṣù Kìíní, ẹni 69. Glenn Frey ti Eagles kú nínú oṣù kan náà, ẹni 67. Leonard Cohen tẹ̀ lé wọn ní oṣù Kọkànlá, ẹni 82. Àwọn èèyàn ní ọdún náà ló burú. Bí a bá yọ Prince, tí oògùn pa ní 57, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé àwọn tó lókìkí láàárín 1960 sí 1980 ti dé ọjọ́ orí tí àìsàn ti ń mú ẹnikẹ́ni, olórin tàbí káfíńtà. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ á ṣì máa wá.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà Kérésìmesì ọdún 2011, BMJ, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó máa ń fàyè gba ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ lásìkò ọdún, gbé ìwádìí Martin Wolkewitz, Adrian Barnett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jáde. Wọ́n mú olórin 1,046 tí àwo wọn gba ipò kìíní ní Britain láàárín 1956 sí 2007. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọn kò ka òkú nìkan, wọ́n ka ààyè mọ́ ọn. Ẹni 71 ti kú nínú wọn. Ewu ikú ní 27 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti 25, kò sì yàtọ̀ sí ti 32. (Ẹ rántí ilé Nilsson.)

Dianna Kenny ní Yunifásítì Sydney gba ọ̀nà mìíràn. Ó kó ikú olórin tó lé ní 11,000 jọ, láti 1950 sí 2010. Àwọn 144 ló kú ní 27, ìyẹn ìdá 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ orí tó mú èèyàn jù ni 56: ẹni 239, ìdá 2.2. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra pẹ̀lú irú ìṣirò yìí náà, nítorí òkú nìkan ló kà. Nígbà tí ó pín in sí oríṣi orin, ó jọ pé àwọn olórin ráàpù ń kú ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, tí àwọn olórin blues sì ń pẹ́. Àwọn èèyàn gbé e kiri pé ráàpù ń pani. Ọdún 1970 sí 1980 ni ráàpù bẹ̀rẹ̀! Olórin ráàpù tó máa kú lẹ́ni 80 kò tíì pé 80, kò sì lè sí nínú ìwé àwọn òkú. Ilé tí kò ní arúgbó la tún bọ́ sí yẹn.

Ìwádìí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Zackary Dunivin àti Patrick Kaminski, tó jáde ní 2024 nínú PNAS, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn náà kò rí ewu àrà ọ̀tọ̀ kankan ní 27. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó kú ní 27 ń rí òǹkàwé lórí Wikipedia ju bó ṣe yẹ lọ, bí a bá fi wọ́n wé àwọn tó kú ní ọjọ́ orí tó sún mọ́ ọn. Ìtàn náà kì í pa olórin, àmọ́ ó ń sọ òkú di olókìkí. Òkìkí yẹn á wá mú kó dà bíi pé gbogbo ẹni tó gbajúmọ̀ ló kú ní 27. Ó ń bọ́ ara rẹ̀.

Èyí kò ní kí iṣẹ́ náà má léwu o. Nínú ìwádìí BMJ yẹn, ikú àwọn olórin láàárín ogún ọdún sí ogójì jẹ́ ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti àwọn èèyàn yòókù ní Britain. Ewu náà wà ní 24, ó wà ní 33, ó wà ní 38. Ohun tó fà á sì ní orúkọ: oògùn oorun ni Hendrix lò sùn tí kò jí, heroin ló pa Joplin, ọtí ló pa Bonham, ọtí ló pa Winehouse, àìsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn lè jẹun ló ba ọkàn Carpenter jẹ́. Ìbínú mi sí nọ́ńbà yìí nìyẹn. Ó ń gba ẹ̀bi lórí ọtí àti oògùn, àti lórí àwọn tó rí i pé ara ẹnì kan kò yá tí wọ́n ṣì tì í sórí pèpéle.

Ní èdè wa, ẹgbẹ́ ẹni ni àwọn tí wọ́n bí ní àsìkò tí wọ́n bí wa. A kì í fi ọjọ́ ikú ka ẹgbẹ́. Mo ti pa àkójọ 27 rẹ́. Mo to òmíràn, àwọn tí wọ́n bí ní 1942 àti 1943 nìkan, bí ọjọ́ ìbí wọn ṣe tẹ̀ léra. Èmi náà ṣa orúkọ o, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n n kò ṣà á ní ti ẹni tó kú. Brian Jones ló ṣíwájú. Paul McCartney ti Beatles tẹ̀ lé e, ẹni tó kọrin ní àjọ̀dún orin Glastonbury ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó pé 80. Brian Wilson, tí wọ́n bí ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn McCartney, tó kú ní 2025 lẹ́ni 82. Jerry Garcia, tó kú ní 53. Hendrix. Joplin. George Harrison, 58. Alan Wilson. Mick Jagger, akọrin Rolling Stones, tó jẹ́ ọmọ ọdún 27 gan-an lọ́jọ́ tí Hendrix kú, tó sì ṣì jẹ́ 27 lọ́jọ́ tí Morrison kú. Roger Waters. Joni Mitchell, tí ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ rẹ̀ ní 2015, tó padà sórí pèpéle ní àjọ̀dún orin Newport ní 2022. Morrison, ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 1943. Keith Richards, onígìtá Rolling Stones, ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 1943.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Orin Morrison á tán, gìtá Richards á wọlé.