Òwò Àìrẹ́nijẹ àti Kọfí Àṣàyàn: Ibi Tí Ọ̀nà Méjèèjì Ti Ṣẹ̀, àti Ohun Tó Ń Kan Àgbẹ̀

Kí ọdún 1989 tó dé, àwọn ìjọba ló ń di owó kọfí mú. Lọ́dún 1962 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbìn ín àtàwọn tó ń rà á fọwọ́ sí àdéhùn kan. Àdéhùn náà ló ń pín iye tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè kó wá sójà, kí kọfí má bàa pọ̀ ju ẹni tó fẹ́ rà á lọ. Nígbà tó yá, iye tí wọ́n ń fẹ́ kí owó rẹ̀ máa rìn sí wà láàárín dọ́là 1.20 sí 1.40 fún ìwọ̀n pọ́n-ùn kan. Nígbà tó di oṣù Keje 1989, ìpín náà tú ká, gbogbo èyí tí wọ́n tò jọ sínú ilé ìkẹ́rù sì ya wọ ọjà. Ní ìparí ọdún 2001, pọ́n-ùn kan ò tó sẹ́ǹtì 50 mọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, iye yẹn ò tó san fún àwọn tó ń ká a.

Àmì òwò àìrẹ́nijẹ, tí a mọ̀ sí Fairtrade lónìí, ti jáde kó tó di pé àdéhùn yẹn tú. Frans van der Hoff, àlùfáà ọmọ Nẹ́dálándì tó wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù UCIRI lórí òkè Oaxaca ní Mẹ́síkò, àti Nico Roozen ti ẹgbẹ́ Solidaridad, ló gbé àmì Max Havelaar jáde ní Nẹ́dálándì ní oṣù Kọkànlá 1988. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ra kọfí tí wọn ò fi rẹ́ àgbẹ̀ jẹ, àfi kó lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí àwọn aláàánú dá sílẹ̀. Àmì yìí ló gbé irú kọfí bẹ́ẹ̀ dé ilé ìtajà ńlá. Lọ́dún 1997, àwọn àmì orílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi para pọ̀ sábẹ́ àjọ kan ní ìlú Bonn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò díjú: iye kan wà tí owó ò gbọdọ̀ já kọjá. Fún árábíkà, oríṣi kọfí kan, tí wọ́n fi omi fọ̀, dọ́là 1.21 ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú sẹ́ǹtì 5 lórí rẹ̀ tí ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa pinnu ohun tí wọ́n á fi ṣe. Lọ́dún 2011 ó di 1.40 àti sẹ́ǹtì 20. Lọ́dún 2023, 1.40 yẹn di 1.80. Bí ọjà bá ga jù bẹ́ẹ̀, iye ọjà ni oníbàárà máa san, owó ẹgbẹ́ á sì wà lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ tún lè béèrè àsansílẹ̀ tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún iye àdéhùn. Àsansílẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ, torí pé àsìkò ìkórè gan-an lowó máa ń gbẹ lọ́wọ́ ẹgbẹ́, tí alárọ́bọ̀ á sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà oko pẹ̀lú owó lọ́wọ́.

Àmọ́ iye tí wọ́n ń san fún ẹgbẹ́ ní èbúté nìyẹn, kì í ṣe ohun tó ń wọ àpò àgbẹ̀. Owó ẹ̀rọ, owó ọkọ̀, owó àyẹ̀wò àti gbèsè ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Bákan náà, kò pọn dandan kí oníbàárà ra gbogbo rẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ kan kó àpò 300 jọ lọ́dún 2001, tí 100 rí ẹni rà á ní 1.26, tí 200 sì lọ ní sẹ́ǹtì 50: ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ́ǹtì 75, ká tó yọ ìnáwó kankan.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà á ni kọfí àṣàyàn, ìyẹn kọfí tí wọ́n ń sanwó lé nítorí adùn rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ní tiẹ̀, ìdí rèé tí kò fi ní iye kankan tí owó rẹ̀ ò gbọdọ̀ já kọjá. Erna Knutsen, obìnrin tó ń ta kọfí ní San Francisco, ló lo orúkọ náà, specialty coffee, nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣòwò lọ́dún 1974. Àwọn oníṣòwò kéékèèké dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1982. Ọdún 1999 ni ìdíje Cup of Excellence bẹ̀rẹ̀ ní Bràsíl, tí wọ́n sì ń ta kọfí tó borí ní gbàǹjo pẹ̀lú orúkọ oko tó ti wá. Lọ́dún 2004, oríṣi kọfí kan tí wọ́n ń pè ní Geisha, láti oko La Esmeralda ní Panama lọ ní dọ́là 21 fún pọ́n-ùn kan.

Máàkì 80 nínú 100, láti ọwọ́ àwọn tó ń tọ́ kọfí wò, ni ẹnu ọ̀nà sí kọfí àṣàyàn. Nínú ìlànà tí ẹgbẹ́ náà lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, gíráàmù 350 ni wọ́n ń ṣà wò kí wọ́n tó fi iná yan án; ẹyọ kan ṣoṣo tó dúdú látòkèdélẹ̀ ti tó láti lé e jáde. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tọ́ ọ wò nínú ife márùn-ún, gíráàmù 8.25 sí mìlílítà omi 150 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ó ti sábà ń bàjẹ́ ni ẹ̀rọ ìbóèèpo tí wọn ò fọ̀ dáadáa: ẹyọ àná tó há síbẹ̀ á kan, á sì bá tòní wọlé. Bí irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sínú ife kan péré, máàkì 2 lọ níbi ìbáradọ́gba àwọn ife, 2 lọ níbi ìmọ́tónítóní adùn, àléébù fúnra rẹ̀ á tún yọ tiẹ̀. Kọfí tó yẹ kó gba 84 ti di 78, ọjà gbogboogbò sì ni ọ̀nà rẹ̀. Owó àwọn tó ká a lẹ́ẹ̀mẹta, pípọ́n nìkan, ti lọ ná. Èyí tó yege gan-an kì í ju díẹ̀ nínú ìkórè lọ, oníbàárà ọdún yìí sì lè má padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tí owó bá já, Fairtrade ló ń gba èèyàn púpọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ọjà bá dára, kọfí àṣàyàn ló ń sanwó jù, fún ìwọ̀nba ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ga, tó sì ní òṣìṣẹ́. Fairtrade kì í san owó adùn, torí náà àgbẹ̀ á kó èyí tó dára jù lọ fún ẹlòmíràn, á sì kó ìyókù fún ẹgbẹ́. Nígbà tí iye kọfí ní ọjà New York kọjá dọ́là 4 fún pọ́n-ùn kan lọ́dún 2025, òpin ìsàlẹ̀ 1.80 ti Fairtrade ò lè di ẹnikẹ́ni mú mọ́. Àwọn tó ń jèrè jù ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní ẹni tó ń tọ́ kọfí wò nílé, tó ń ya àpò tó dùn sọ́tọ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn, tó sì ń ta ìyókù lábẹ́ àmì. Bí ẹni tó ń fi iná yan kọfí tà bá sì sọ pé òun san dọ́là 5, kí wọ́n bi í bóyá iye èbúté ni, tàbí iye tó dé ẹnu ọ̀nà oko.