"Put off": ṣé wọ́n sún un ni àbí ó lé yín sá?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo rí "the meeting has been put off", mo tún rí "the smell put me off". Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni? Torí mo mọ "put", mo mọ "off", mo so méjèèjì pọ̀, kò yé mi.

Ìdáhùn: Ẹ má túmọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan rárá, ibẹ̀ gan-an ló ti ń dojú rú. Nǹkan tí wọ́n put off ni kí ẹ wò. Tó bá jẹ́ ìpàdé, ìdánwò, ìrìnàjò, ohun tó lọ́jọ́ ṣáà, wọ́n ti sún un sọ́jọ́ míì nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ èèyàn, ọ̀rọ̀ yí pa dà: "the smell put me off", òórùn yẹn ò jẹ́ kó wù mí mọ́, "don't let the price put you off", ẹ má jẹ́ kí iye tí wọ́n ń tà á lé yín sá. Ẹni tó fẹ́ gbá pẹnárítì tí ariwo wá gba ọkàn ẹ̀, "the noise put him off" la máa sọ, kì í ṣe pé ó kórìíra bọ́ọ̀lù o, ọkàn ẹ̀ ló kúrò níbẹ̀. Ẹni tó jẹ yín lówó tó ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la ńkọ́? "He keeps putting me off" náà ni.

Ìbéèrè: Ṣé kò yàtọ̀ sí "call off"?

Ìdáhùn: Ó yàtọ̀ gan-an, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú eléyìí dání. "Called off" ni pé wọ́n ti fagi lé e, ó parí. "Put off", ó ṣì ń bọ̀. Ẹni tó gbọ́ pé "the exam was put off" tó wá palẹ̀ ìwé mọ́, ìyà ló ń pè wá sílé yẹn.

Ìbéèrè: "Put off it" àbí "put it off"?

Ìdáhùn: "Put it off" nìkan. Ẹ lè sọ pé "put off the trip" tàbí "put the trip off", kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n "it", "me", "him", "them", àárín ni wọ́n ń jókòó sí. Tí ọ̀rọ̀ ìṣe bá sì tẹ̀ lé e, "-ing" ló máa ń gbà: "I put off calling her", kì í ṣe "put off to call". Tàná pẹ̀lú tòní, "put" náà ni, kì í yí.

"Off-putting" náà wà o, àmọ́ ohun tó ń léèyàn sá nìkan là ń lò ó fún, ẹ ò lè fi pe ìpàdé tí wọ́n sún.