Bí Orúkọ Ará Abúlé Ṣe Wọ Ìwé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá ń tọpasẹ̀ ìdílé kan ní abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí lè bá orúkọ alágbàro kan pàdé, ọkùnrin tí kò ní ilẹ̀, tí kò mọ̀wé, tí kò sì joyè rí, tó ti kú láti bí 400 ọdún sẹ́yìn. Á rí ọjọ́ tí wọ́n rì í bọmi, ọjọ́ tó gbéyàwó àti ọjọ́ tí wọ́n sin ín. Lọ́pọ̀ ilẹ̀ láyé ìgbà náà, ọba àti ìjòyè nìkan ni irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà fún. Báwo ni alágbàro ṣe wá dé inú ìwé? Bí mo ṣe ń tẹ̀lé ìtàn yìí ni ohun kan ń hàn sí mi kedere: díẹ̀ ló wà nínú àwọn ìwé wọ̀nyí tí wọ́n kọ nítorí ìfẹ́ ará abúlé. Ẹni tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wọn, tàbí tí kò fẹ́ kí wọ́n gbowó lọ́wọ́ òun, ló ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Lọ́dún 1086, àwọn aṣojú Ọba William, ẹni tó ti Normandy wá gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ káàkiri láti mọ ohun tí abúlé kọ̀ọ̀kan tó. Wọ́n ka ohun ìtúlẹ̀, wọ́n ka ọlọ, wọ́n wo igbó àti pápá. Wọ́n kọ orúkọ onílẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń ro ilẹ̀ náà, iye wọn lásán ni wọ́n kọ. Ó di nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá kí orúkọ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí yọ nínú ìwé kóòtù àwọn onílẹ̀ ńlá. Ibẹ̀ la ti ń rí ẹni tí màlúù rẹ̀ wọ oko olóko, ẹni tó pọn ọtí tà tí wọ́n sì bu owó ìtanràn lé, ọmọ tó sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ ilẹ̀ baba rẹ̀. Èdè Látìnì ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ lára wọn, títí di 1733 tí òfin fi èdè Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀. Owó orí ọdún 1377, 1379 àti 1381 náà fi orúkọ sílẹ̀, ti 1381 ló sì dá ọ̀tẹ̀ ńlá àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ríbi sá fún agbowó-orí nígbà náà, ó sá mọ́ àwa tó ń wá a lónìí náà lọ́wọ́.

Ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1538 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọba Henry Kẹjọ ti bá Póòpù já, ó ti sọ ara rẹ̀ di olórí ìjọ, ó sì fi Thomas Cromwell ṣe igbákejì rẹ̀ nínú ọ̀ràn ìjọ. Cromwell yìí ló pàṣẹ pé kí párìṣì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àdúgbò tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, ní ìwé kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí àlùfáà gbé e jáde, kí ó kọ ìgbéyàwó, ìrìbọmi àti ìsìnkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá sínú rẹ̀ lójú wọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n ra àpótí alágádágodo méjì tí wọn ó máa tì í mọ́: kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ àlùfáà, èkejì lọ́wọ́ àwọn wọ́dìn, kí ẹnì kankan má baà dá a ṣí. Ẹni tó bá jẹ́ kí ó lọ láìkọ yóò san ṣílè 3 àti pẹ́nì 4, owó náà á sì bá wọn tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe.

Àyà àwọn èèyàn já. Wọ́n ní ìjọba ti fẹ́ máa gbowó lórí ìbí àti lórí ikú. Ọdún méjì ṣáájú ni irú àhesọ bẹ́ẹ̀ ti wà lára ohun tó mú kí àwọn ará Lincolnshire àti Yorkshire dìde sí ọba, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fi ojú kéré wò. Cromwell ní rárá, pé kí ìjà lórí ọjọ́ orí, ìran, ogún àti ọmọ àlè lè dínkù ni. Lóṣù Keje ọdún 1540, wọ́n bẹ́ Cromwell fúnra rẹ̀ lórí. Ìwé rẹ̀ kò bá a lọ. Owó tí àwọn ará abúlé bẹ̀rù náà sì dé gbẹ̀yìn: láti 1695, ìjọba gbowó lórí ìbí, ìgbéyàwó àti ìsìnkú láti fi bá ilẹ̀ Faransé jagun, nígbà tó sì di 1783 wọ́n tún fi pẹ́nì 3 lé orí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tálákà kì í san án. Ìdí nìyẹn tí àwọn àlùfáà kan fi ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ pé tálákà ni ẹni yìí, tí ẹni tó ń wá ìdílé fi ń mọ ipò tí ó wà.

Pépà ni ọ̀pọ̀ ìwé àkọ́kọ́, ọ̀rinrin sì ń jẹ wọ́n. Lọ́dún 1598 wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n dà wọ́n kọ sórí ìwé awọ, kí párìṣì sì máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún. Àṣẹ náà ní kí wọ́n ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí Ọbabìnrin Elizabeth gorí ìtẹ́ ní 1558. Ọ̀rọ̀ “pàápàá” yìí dùn mí. Ẹni tó rí ọ̀nà ìrọ̀rùn kò ní í gba ti ìnira: ọ̀pọ̀ akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ láti 1558, wọ́n fi ogún ọdún tó ṣáájú sílẹ̀, a ò sì lè rí i mọ́. Ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọba àti ilé aṣòfin ní 1642 tún da àkọsílẹ̀ rú níbi púpọ̀ títí ọba fi padà sórí ìtẹ́ ní 1660.

Inú ogun yẹn ni ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ti jáde. Richard Gough ni orúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní 1635 ní párìṣì Myddle ní Shropshire. Lẹ́yìn tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ní nǹkan bí 1701, ó ya àwòrán bí wọ́n ṣe to bẹ́ǹṣì inú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ìtàn ìdílé tó ni ìjókòó níbẹ̀: ibi tí wọ́n ti wá, ẹni tí wọ́n fẹ́, ẹni tó mu ọtí títí ilẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó jalè. Kò sí ọba tó rán an. Ó mọ̀ wọ́n ni, ó sì fẹ́ kí a mọ̀ wọ́n. Ó ka àwọn ọkùnrin tó ti Myddle, Marton àti Newton lọ jà fún ọba: ogún ni wọ́n, mẹ́tàlá ló kú. Ọ̀kan nínú wọn ni Richard Chaloner, ọmọ àlè tí párìṣì ń ṣe alábàápín bíbọ́ rẹ̀. Ó di géńdé, ó lọ sí Shrewsbury láti wọṣẹ́ ológun, ó lọ sójú ìjà Edgehill lóṣù Kẹwàá ọdún 1642, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Gough ní bí ó bá jẹ́ pé abúlé mẹ́ta péré pàdánù èèyàn tó báyìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni yóò ti kú káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì kò lè sọ ibi tí Chaloner kú sí, torí wọn kò sin ín sílé. Ẹni tó bá ń wá a nínú ìwé ìsìnkú á wá a títí. Aládùúgbò rẹ̀ ló fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Gough kú ní 1723, ó sì ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn náà, ní 1834, kí wọ́n tó kọ́kọ́ tẹ ohun tó kọ.

Ìwé tó tún sọ̀rọ̀ tálákà jù ni ti òfin ọdún 1662. Párìṣì kọ̀ọ̀kan ló ń bọ́ tálákà tirẹ̀ nígbà náà, kò sì sí èyí tó fẹ́ bọ́ ti ẹlòmíràn. Bí àjèjì tó dà bí ẹni tó lè di ẹrù bá wọ̀lú, wọ́n lè mú un lọ síwájú adájọ́ láàárín 40 ọjọ́, kí wọ́n sì dá a padà síbi tó ti wá. Adájọ́ á bi í pé: ibo ni wọ́n ti bí ọ? Ta lo bá ṣiṣẹ́? Ṣé o lo ọdún kan gbáko níbẹ̀? Èló ni wọ́n ń san fún ọ? Ta lo fẹ́, ọmọ mélòó lẹ bí? Akọ̀wé á kọ gbogbo rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀wé á sì fi àmì sí i nísàlẹ̀. Wọ́n máa ń lé aboyún tí kò lọ́kọ kúrò kí ó má baà bímọ sí párìṣì wọn. Ìkà ni òfin yìí. Síbẹ̀, nínú ìwé rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ oko ti fẹnu ara wọn sọ ìtàn ayé wọn.

Òun náà ló ń já irọ́ tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́, pé ará abúlé ayé àtijọ́ kì í kúrò níbi tí wọ́n bí i sí. Ní Clayworth, Nottinghamshire, àlùfáà William Sampson kọ orúkọ gbogbo ará párìṣì sílẹ̀ ní 1676, ó tún kọ wọ́n ní 1688. Nígbà tí Peter Laslett, onímọ̀ ìtàn ní Cambridge, fi ìwé méjèèjì wéra ní ọ̀rúndún ogún, ó rí i pé ó ju ìdajì lọ tí kò sí níbẹ̀ mọ́ láàárín ọdún méjìlá. Àwọn kan kú, àwọn púpọ̀ ṣí lọ. Nítorí náà, bí orúkọ bá dédé já nínú ìwé abúlé kan, párìṣì tó múlé tì í ni kí a kọ́kọ́ yà sí. Kí a sì ṣọ́ra fún ọdún: kó tó di 1752, ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun wọn ń bẹ̀rẹ̀, oṣù Kejì ọdún 1700 tó wà nínú ìwé wọn, 1701 ni tiwa.

Lẹ́yìn èyí, òfin ń tẹ̀lé òfin. Láti 1754, tọkọtaya àti ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó. Láti 1813, wọ́n pín ìwé tí wọ́n ti fa ìlà sí, ó sì ń béèrè ibùgbé àti iṣẹ́ baba ọmọ. Ní July 1837 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú fúnra rẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 1841 to orúkọ ní ilé-ilé, ti 1851 sì sọ párìṣì tí wọ́n ti bí olúkúlùkù. Àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà nítorí òfin ìdámẹ́wàá ọdún 1836 ń fi oko kọ̀ọ̀kan hàn, àti ẹni tó ń dá a.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan wà nínú irú ìwé ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Àìná, ará Òkè-Odàn ní ilẹ̀ Yewa, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Sarah Forbes Bonetta, fẹ́ James Davies ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1862.

Ewu ṣì wà. Iná jó ìwé ìkànìyàn 1931 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales lọ́dún 1942, kò sì sí ìkànìyàn ní 1941 nítorí ogun. Bedfordshire ló kọ́kọ́ dá ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìpínlẹ̀ sílẹ̀, ní 1913, láyé ìgbà tí ọ̀pọ̀ ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà nínú àpótí tó ń gba ọ̀rinrin. Ó di 1978 kí ìjọ Áńgílíkà tó ṣòfin pé kí wọ́n kó àwọn ìwé tó ti gbó lọ síbi tí wọ́n ti lè tọ́jú wọn, àyàfi tí ṣọ́ọ̀ṣì bá lè tọ́jú wọn bó ṣe yẹ.

Fún ọdún 184, ìwé ìgbéyàwó ìjọba béèrè orúkọ baba ọkọ àti baba ìyàwó, kò béèrè ti ìyá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyá ìyàwó ní láti lọ wá ìwé ìbí tàbí ìwé ìkànìyàn, bí ó bá wà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, wọ́n pa ìwé ńlá yẹn dé, àkọsílẹ̀ wọ orí kọ̀ǹpútà, àyè sì wà níbẹ̀ fún orúkọ àwọn ìyá.