Mímú ọmọ ológbò wá bá ológbò onílé

Mímú ọmọ ológbò wá bá ológbò onílé ni ìlànà tí a fi ń jẹ́ kí ológbò méjì tí kò mọ ara wọn rí máa gbé inú ilé kan náà láìsí ìjà. Òórùn ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ mọ ara wọn. Ojú ń tẹ̀lé e. Bó ṣe máa yá tó, ọwọ́ ológbò onílé ló wà: ó lè gba ọ̀sẹ̀ 2, ó sì lè gba oṣù mélòó kan.

Ìyàsọ́tọ̀ àti ìlera

Ọmọ ológbò gbọ́dọ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 8 kó sì ti já lẹ́nu ọmú kí a tó mú un wálé. Ní Àbújá, Kàdúná àti Kánò, ọ̀pọ̀ wọn ni a ń rà lọ́jà tàbí gbà lọ́wọ́ aládùúgbò láì tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan. Nítorí náà, yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì dáadáa ni ó máa wà fún ọjọ́ 14 ó kéré tán, ìbáà jẹ́ yàrá àlejò tàbí bọ́ìsì-kọ́tà.

Àrùn tó yẹ ká bẹ̀rù jù ni panleukopenia, tó ń fa èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti ikú òjijì. Fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ lè wà nínú ilé fún nǹkan bí ọdún kan, ó sì ń bá ọwọ́ àti bàtà ènìyàn rìn. Ọṣẹ lásán kì í pa á. Bílíìṣì ife 1 nínú omi ife 32 ń pa á, bí a bá ti fọ ìdọ̀tí kúrò ṣáájú, tí a sì jẹ́ kó wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má ṣe lo oògùn apakòkòrò tó máa ń funfun bí omi bá kàn án: phenol inú rẹ̀ ń ṣe ẹ̀dọ̀ ológbò níjàǹbá, ológbò sì máa lá a láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀tapíapíá àti oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin náà ń pa ológbò.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a ó máa tún un gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 kọ̀ọ̀kan, títí ọmọ yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 12. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Àbújá àti ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria.

Òórùn

Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ológbò, níbi tí òórùn ara rẹ̀ ti ń jáde, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ oúnjẹ àgbà, ìyẹn ológbò onílé. Bó bá gbóòórùn rẹ̀ tó sì ń jẹun lọ, ó dára. Bó bá kọ oúnjẹ, ẹ sún aṣọ náà sẹ́yìn ní mítà kan. Ẹ ṣe bákan náà fún ọmọ pẹ̀lú òórùn àgbà.

Ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì

Ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì tí a fi ń dènà ẹ̀fọn ní ọ̀pọ̀ ilé Àbújá wúlò gan-an fún iṣẹ́ yìí, pàápàá èyí tí nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ irin, nítorí èékánná ń ya ti ike. Ẹ gbé abọ́ oúnjẹ méjèèjì sí apá kọ̀ọ̀kan, mítà 2 síra, kí ẹ sì máa sún wọn súnmọ́ra díẹ̀díẹ̀. Kí àgbà kùn, kó sì mí fìn-ìn bí paramọ́lẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe. Etí tó lẹ̀ mọ́ orí àti ojú tí kì í ṣẹ́ ni àmì pé ó ti yá jù.

Ìpàdé

Ìpàdé àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jẹun, tó sì ti ṣeré títí tó fi rẹ̀ ẹ́. Bí ìjà bá dé, pálí ni kí ẹ tì sáàárín wọn, kì í ṣe ọwọ́. Ológbò méjì nílò abọ́ yanrìn 3 tí wọ́n á máa tọ̀ sí, tí wọ́n á sì máa yàgbẹ́ sí, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lásìkò ọyẹ́, yàrá ọmọ nílò aṣọ tó nípọn lálẹ́.

Akọ tó ń lóṣòó sórí yanrìn láìtọ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyọlẹ́nu àlejò tuntun lè wà lára ohun tó fà á. Abo sì lè lóyún láti nǹkan bí oṣù 4, nítorí náà bí ọmọ bá jẹ́ abo, tí onílé sì jẹ́ akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá, a gbọ́dọ̀ tètè ṣètò iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí ọmọ náà lóyún.