Bí Ìkìlọ̀ Omíyalé Ṣe Ń Sáré Ṣáájú Omi Dé Májídùn

Dáàmù Ọ̀yán tó wà nítòsí Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣí ní 1983, ní ìwọ̀n omi tó lè gbà. Bí òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá bá pọ̀ jù, wọ́n á tú omi sílẹ̀, á sì gba odò Ògùn sọ̀ kalẹ̀ wá sí ọ̀sà Èkó. Ajégúnlẹ̀, Ìtọ́wolò àti Májídùn, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ló sábà máa ń rí i he. Ní 2010, ó le débi pé ìjọba kó àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lọ sí àgọ́ Àgbọ́wà. Ṣùgbọ́n omi yìí kì í dé lójijì bí iná. Àyè wà láàárín ìgbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ àti ìgbà tó wọlé. Inú àyè yẹn ni ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ ti rìn.

Ìròyìn á ti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ odò dé ọ̀dọ̀ NEMA, àjọ pàjáwìrì ìjọba àpapọ̀, àti LASEMA, ti ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn náà á gbé e fún rédíò àti WhatsApp. SMS náà wà, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń lọ. Bí nọ́ńbà bá pọ̀, wọ́n á tò sórí ìlà, òmíràn lè dé nígbà tí omi ti kan orúnkún. Ọ̀nà tó yá jù ni kí máàsì, òpó tó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, fúnra rẹ̀ kéde: á sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo fóònù àdúgbò á gbọ́, bí ìgbà tí ladánì bá pe ìrun. Kò béèrè nọ́ńbà, àpọ̀jù ìpè kò sì dí i lọ́nà. Netherlands ti ń lò ó láti 2012. Síbẹ̀, “ẹ ṣọ́ra” lásán kì í ṣe ìkìlọ̀. Àdúgbò wo, ọjọ́ wo, ibo ni ká sá lọ? Ẹni tí kò sì ní fóònù, àfi kí ẹgbẹ́ lándíọ́ọ̀dù lọ kàn án lẹ́nu ọ̀nà.

Bí omi bá wọlé tán, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé omi ló ń pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lọ́pọ̀ ìgbà, àìsí iná ni. Wọ́n á pa iná ìjọba kó má baà gbé èèyàn nínú omi. Máàsì á bọ́ sórí bátìrì fún wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn náà jẹnẹrétọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì á tán, ọkọ̀ tó yẹ kó gbé òmíràn wá kò sì lè la ojú ọ̀nà kọjá. Máàsì dúró ṣánṣán, kò sí ibi tó ti ya, ṣùgbọ́n ó ti kú. Èyí tó kù nítòsí ni gbogbo ìlú á dà bò, ìpè á máa já. SMS tí a bú lẹ́ẹ̀kan wá wúlò níbí, nítorí ó lè dúró de àyè kó tó kọjá. Ẹni tó nílò ìgbàlà lè pe 112 tàbí 767 lọ́fẹ̀ẹ́. Ti 112 tún ní àǹfààní kan: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì síìmù rẹ bá lọ, fóònù lè gba orí ti ẹlòmíràn.

Àwọn agbẹ̀mílà ò gbára lé máàsì. Wọ́kì-tókì ń bá èkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà, àmọ́ ilé àti òkè máa ń gé ohùn rẹ̀ kúrú. Níbi tí ìyẹn kò bá tó, wọ́n á gbé àwo sátẹ́láìtì kalẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì tàtijọ́ wà lókè ní bí 36,000 kìlómítà, ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń pẹ́. Ti Starlink, ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì, sún mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò tó 600. Lágbàáyé, WFP, àjọ oúnjẹ ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè, ló ń darí irú iṣẹ́ yìí fún àwọn àjọ aṣèrànwọ́. Ní àgọ́, wọ́n tún máa ń gbé páànẹ́ẹ̀lì sólà wá, torí kété tí èèyàn bá ti jẹun tán, ibi tó máa ti cháàjì fóònù ló ń béèrè, kó lè mọ ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà.