Bí àtúnṣe sáìtì ṣe ń ti staging dé production láìba nǹkan jẹ́

Sáìtì tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn, wọn kì í tún un ṣe lójú kọsítọ́mà. Àtúnṣe á kọ́kọ́ wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ kóòdù, á wá lọ sí staging, ìyẹn sáfà (kọ̀ǹpútà tí sáìtì ń gbé lórí ẹ̀) tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò tí ará ìta ò rí, ibẹ̀ ló máa gbà dé production tí gbogbo ayé ń lò. Git ló sábà máa ń tọ́jú kóòdù yẹn, gbogbo àtúnṣe tó bá wọ inú ẹ̀ ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, torí náà kò sí àméfò nípa ohun tó wà lórí sáfà kankan.

Nọ́ńbà tí wọ́n dán wò ní staging, òun náà gan-an ló gbọ́dọ̀ lọ, kó sì dé orí gbogbo sáfà. Ibi tí Knight Capital, iléeṣẹ́ tó ń ra ṣíà tó ń tà á, ti kàgbákò ní Amẹ́ríkà nìyẹn: sáfà 8 ló yẹ kí wọ́n gbé kóòdù tuntun sí, 7 ló gbà á, kóòdù àtijọ́ ṣì wà lórí ọ̀kan, bí ọjà ṣe ṣí ní August 1, 2012 ni kóòdù àtijọ́ yẹn jí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ṣíà tó ń tà á, láàárín ìṣẹ́jú 45 wọ́n ti pàdánù owó tó lé ní mílíọ̀nù 440 dọ́là. Script, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé fúnra ẹ̀, ló yẹ kó máa ṣe irú iṣẹ́ yẹn, kó sì yẹ gbogbo sáfà wò lẹ́yìn tó bá ṣe tán.

Ohun tó yẹ kó yàtọ̀ láàárín staging àti production ò ju settings lọ. Bíi Paystack, iléeṣẹ́ tó ń bá sáìtì gba owó, kọ́kọ́rọ́ ìdánwò (ọ̀rọ̀ àṣírí tí sáìtì fi ń wọlé sọ́dọ̀ wọn) ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk_test_, ti owó gidi sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk_live_, wọn kì í kó wọn sínú Git rárá, orí sáfà kọ̀ọ̀kan ni tiẹ̀ ń wà. Tí ti gidi bá ṣèèṣì bọ́ sí staging, owó èèyàn ni wọ́n á máa fi ṣe ìdánwò.

Database, ìyẹn ibi tí dátà sáìtì ń gbé, ló le jù o. Kóòdù ṣeé dá padà kíákíá, àmọ́ dátà tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn. Ká ní wọ́n fẹ́ yí orúkọ column kan (òpó kan nínú tábìlì dátà) padà, wọn ò ní yí i lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á fi column tuntun kún un, kóòdù á máa kọ sí méjèèjì, wọ́n á da dátà àtijọ́ sínú tuntun, kóòdù á wá máa kà láti inú tuntun, ó di ìgbà tí ọkàn wọn bá balẹ̀ kí wọ́n tó yọ ti àtijọ́. Ó gùn lóòótọ́, àmọ́ níbikíbi tí wọ́n bá dé, kóòdù tàná ṣì lè ṣiṣẹ́.

Backup náà, ìyẹn ẹ̀dà dátà tí wọ́n ń tọ́jú pamọ́, àfi kí wọ́n máa dá a padà síbì kan wò. Ní January 31, 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn tọ́jú kóòdù, rò pé sáfà kejì lòun wà, ó sì pa dátà production rẹ́. Ìgbà tí wọ́n máa wo backup, èyí tó yẹ kó máa ṣe ara ẹ̀ lójoojúmọ́ ti ń kùnà láìsí ẹni tó mọ̀. Ohun tó yọ wọ́n ni ẹ̀dà kan tí wọ́n ti ṣe fún staging ní bíi wákàtí 6 ṣáájú, dátà wákàtí 6 yẹn sì lọ.

Tí gbogbo ẹ̀ bá ti yẹ, wọ́n á gbé ẹ̀dà tuntun sínú fódà tiẹ̀ lórí production, wọ́n á wá ní kí sáìtì máa wo fódà yẹn, ti tẹ́lẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, rollback, ìyẹn dídá sáìtì padà sí bó ṣe wà, ò ju kí wọ́n ní kó padà máa wo ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó ti log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí sáfà, pàápàá ibi tí owó ń gbà wọlé. Tí order bá ṣàdédé dín kù láìsí error kankan, kí wọ́n dá a padà ná, kí wọ́n tó máa wá ìdí.