Ìdí tí karma fi ń mú ìpinnu ṣòro

Bí olè bá jìn sí kòtò, ohun tí àwọn èèyàn máa ń kọ sábẹ́ fídíò rẹ̀ ni pé "karma ni". Ẹ̀san ni wọ́n ní lọ́kàn. Nínú èdè Sanskrit tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìṣe ni karma. Èso ìṣe ní orúkọ tirẹ̀, phala. Ó yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ohun tó ń dààmú àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀sìn Híńdù ju èso lọ ni bí èèyàn ṣe máa mọ ohun tó ń ṣe gan-an, nígbà tó ń ṣe é lọ́wọ́.

Gbogbo ìṣe ló ń fi àpá sílẹ̀ lọ́kàn, samskara ni wọ́n ń pe àpá náà. Èyí tí èèyàn bá ń ṣe léraléra, àpá rẹ̀ á jinlẹ̀ débi pé á máa fa ọkàn síbi kan náà nígbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá tún délẹ̀. Brihadaranyaka Upanishad, ọ̀kan lára àwọn ìwé mímọ́ àtijọ́ ti ẹ̀sìn Híńdù, tò ó báyìí: ohun tí èèyàn ń fẹ́ ló ń pinnu, ohun tó pinnu ló ń ṣe, ohun tó ń ṣe ló ń dà.

Àwọn olùkọ́ Vedanta, ẹ̀ka ìmọ̀ tó dá lórí àwọn Upanishad, pín karma sí mẹ́ta, wọ́n sì fi tafàtafà ṣe àkàwé rẹ̀. Ọfà inú apó ni sanchita, àkójọ láti ayé àtẹ̀yìnwá. Èyí tó ti kúrò lójú ọsán ni prarabdha: ara tí a gbé wáyé, ilé tí a bí wa sí, iye ọjọ́ tí a máa lò. Kò ṣe é pè padà. Èyí tó ṣì wà lọ́wọ́ ni agami, òun nìkan sì ni ìpinnu lè ràn. Ẹni tó bá fẹ́ fi prarabdha wé àkúnlẹ̀yàn, kó rántí pé kò sí Àjàlá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ onítọ̀hún fúnra rẹ̀ ló mọ orí náà.

Ṣé kéèyàn ká ọwọ́ lẹ́rán, kó má ṣe nǹkan kan? Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ Híńdù tó ní orí 18 àti 700 ẹsẹ, ti ilẹ̀kùn yẹn pa ní orí kẹta: kò sẹ́ni tó lè wà láìṣe nǹkan, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Orí kẹrin fi kún un pé àwọn amòye pàápàá ń ṣì í mú, kí ni ìṣe, kí ni àìṣe. Ìwé òfin Manu, ìwé òfin àtijọ́ àwọn Híńdù, sọ ibi mẹ́rin tí a ti lè mọ dharma, ìyẹn ohun tó tọ́: Veda (ìwé mímọ́ wọn tó pẹ́ jù), àṣà tí àwọn amòye fi sílẹ̀, ìwà àwọn ẹni rere, àti ohun tó bá tu ọkàn ẹni lára. Wàhálà ni pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í fìgbà gbogbo fẹnu kò.

Ibi tó ti hàn jù ni ọjọ́ kẹtàdínlógún ogun inú Mahabharata, ewì ìtàn ńlá àwọn ará Íńdíà. Karna, ọ̀gágun àwọn ọ̀tá, ti ṣe Ọba Yudhishthira léṣe. Inú bí Yudhishthira, ó ní kí Arjuna àbúrò rẹ̀ gbé Gandiva, ọrun rẹ̀, fún ẹlòmíì. Arjuna sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ní kọ̀rọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, òun á bẹ́ ẹ lórí. Ó fa idà yọ. Bó bá pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dẹ́ṣẹ̀; bí kò bá pa á, ó di aṣẹ́jẹ̀ẹ́.

Krishna, ọlọ́run tó ń wa kẹ̀kẹ́ ogun Arjuna, sọ ìtàn méjì fún un. Balaka jẹ́ ọdẹ tó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ òbí àti ìdílé. Ó pa ẹranko afọ́jú kan tó ń mumi, kò sì mọ̀ pé ẹranko náà ti pinnu láti run gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Balaka gba ọ̀run rere lọ. Kaushika ní tirẹ̀ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òótọ́ ni òun á máa sọ títí láé. Àwọn ọlọ́ṣà bi í léèrè ibi táwọn tó ń sá fún wọn gbà, ó tọ́ka igbó. Wọ́n pa wọ́n, Kaushika sì wọ ọ̀run àpáàdì. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò ní irọ́ nínú rárá. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó rò pé òótọ́ lòun ń sọ, nígbà tó jẹ́ pé èèyàn ló ń fi lé apààyàn lọ́wọ́.

Ọ̀nà àbáyọ tí Krishna wá rí á yé Yorùbá kíákíá. Ó ní kí Arjuna pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ìwọ", torí ẹni tí a bá já ọ̀wọ̀ rẹ̀ gbà báyìí, a ti pa á náà nìyẹn. Arjuna bú u dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í, ló bá tún fa idà, ara rẹ̀ ló fẹ́ pa lọ́tẹ̀ yìí. Krishna ní kó yin ara rẹ̀, torí ẹni tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀ ti pa ara rẹ̀.

Ẹ̀jẹ́ ṣẹ, ẹnikẹ́ni ò kú. Síbẹ̀, èébú náà wọ Yudhishthira lára. Ó dìde lórí ibùsùn, ó ní igbó ni òun ń lọ, kí ẹlòmíì máa jọba. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Krishna wólẹ̀ sí láti fi bẹ̀ ẹ́.